Kì í Ṣe Nẹ́tíwọ̀kì, Èmi Ni

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú wàhálà Múínátù àbúrò mi, ẹ sì kú àfaradà òjò tí mo gbọ́ pé ó ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé yín. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Wọ́n ní ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé mọ́sálásí báyìí láìfi ọwọ́ lé èjìká ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo ará ilé kejì. Èmi náà wà láàyè, ara mi le. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò jókòó, Màmá. Ọ̀rọ̀ ọkàn tí kò jókòó yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà mi ti bá yín. Kì í ṣe pé n kò lè pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ti fẹ́ là á sílẹ̀, ẹ ó ti bi mí pé ṣé mo ti jẹun, ẹnu mi á sì wọhò. Irọ́ kan ni mo pa. Gbangba ni irọ́ náà jáde sí, àwọn òbí púpọ̀ ló sì gbà á gbọ́. Mo rò pé gbangba náà ló yẹ kí òtítọ́ rẹ̀ jáde sí, kí n má ṣe fi ìkọ̀kọ̀ tún nǹkan tí mo bà jẹ́ lójú ayé ṣe.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí mo ti kúrò nílé wá sí Okokomaiko. Yàrá mi ṣì ni èyí tí ẹ sùn sí nígbà tí ẹ wá wò mí, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ìyá onílé mi, ọmọ Ẹ̀gùn, ṣì máa ń fi èdè wọn bá mi wí bí mo bá gbàgbé láti gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì tún gbé ẹja díndín wá fún mi kí ọjọ́ tó kanrí. Èèyàn rere ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo àwọn ará ilé á wọ aṣọ funfun, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni àárò ilé máa ń sọ mí. Màá dìde, màá jókòó, màá tún dìde. Nígbà míì màá rìn dé oríta láìní nǹkan kan láti rà, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, màá máa wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àgbádárìgì, màá sì padà. Bí mo ṣe wà nìyẹn kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo bí mo ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo ń ṣe gan-an níbi iṣẹ́, èmi náà á ní kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa lónìí, torí bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ náà, ẹ kò ní mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Ìbà ni ilé-iṣẹ́ wa wà, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Àwọn tísà máa ń wá síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì. A ó fi kámẹ́rà ká wọn, àwọn ọmọ á sì máa wò wọ́n lórí fóònù níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ọ̀nà tí fídíò ń gbà láti iwájú kámẹ́rà dé ọwọ́ ọmọ, òun ni iṣẹ́ tèmi. Èmi ni mo ń yàwòrán rẹ̀: ibi tí a ó kó fídíò sí, ẹ̀rọ mélòó ni yóò máa pín in, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí èrò bá di ìlọ́po mẹ́wàá kí a tó ṣẹ́jú.

Ẹ ti sọ fún mi rí pé nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà, ìwé kíkà kan ṣoṣo ló wà fún odidi kíláàsì. Bí ọmọ márùn-ún bá yí i ká, wọ́n á rí i kà. Bí àádọ́ta bá yí i ká, ìwé á ya. Bí fídíò ṣe rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan, tí àwa ń pè ní sáfà, ló di fídíò náà mú. Fóònù kọ̀ọ̀kan á wá tọrọ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ṣe ẹ̀dà ìwé náà, á gbé ẹ̀dà kan sí ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa rin ìrìn jíjìn, kí gbogbo ọwọ́ má sì ṣùrù bo ìwé kan ṣoṣo. Mo mọ èyí, Màmá. Wọ́n kọ́ mi. Síbẹ̀, sáfà kan ṣoṣo ni mo lò, òkè òkun ló sì wà.

Ọ̀gá Délé, tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe òṣìṣẹ́ gidi ni, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí mo ti ń ṣe àdánwò. Wọ́n bi mí pé ṣé sáfà tí a ní máa gbé kíláàsì ojúkojú tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tí tísà á máa sọ̀rọ̀ tí ọmọ á sì máa gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú kan náà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ẹni tó mọ iṣẹ́, tí kì í náni lówó jù. Mo ní ó máa gbé e. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo dán an wò. Èrò tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣe láti fi dán an wò kò tíì tó ìdajì èyí tí a ń retí, tí sáfà náà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń pọ́nmọ gun òkè. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Sátidé ni kíláàsì náà bọ́ sí. Tísà Olúkẹ́mi ló fẹ́ kọ́ wọn ní ìṣirò, ìyá kan tó máa ń sọ pé kí ọmọ má bẹ̀rù nọ́ńbà, torí nọ́ńbà kì í ta, kì í bunijẹ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán lù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí èrò lójú kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n ń wọlé láti Ìyànà Ìbà, láti Àgbádárìgì, láti Ọ̀tà, láti ọ̀dọ̀ yín ní Ìlaròó. Inú mi dùn. Wọ́n tún ń wọlé. Tísà kí wọn, wọ́n kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ sójú pátákó. Ìlà tó ń fi bí ẹrù ṣe wọ sáfà lọ́rùn tó hàn mí gun òkè, ó dúró ṣan-ún, ó sì wó lulẹ̀.

Mo jí sáfà náà dìde. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Fóònù tí wọ́n bá dá padà kì í lọ sílé. Ó tún máa ń padà wá kanlẹ̀kùn kíá, gbogbo wọn sì ń kanlẹ̀kùn pa pọ̀. Bí sáfà bá ti ń gbórí sókè báyìí, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ rì. Mo ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé ara mi tẹ̀ léraléra.

Yàrá tí Tísà ti ń kọ́ wọn yàtọ̀ sí tiwa, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì kí ariwo má bàa wọlé. Bí a ṣe ń retí pé sáfà á jí nígbàkigbà, kò sẹ́ni tó lọ sọ fún wọn. Odidi wákàtí kan ni wọ́n fi kọ́ ògiri. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: wọ́n á béèrè pé ṣé ó yé yín, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì, wọ́n á tún máa bá a lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ṣọ́ọ̀kì kún ọwọ́ wọn, òógùn ti rẹ ọrùn aṣọ wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ọmọ yẹn á ti gbádùn rẹ̀. Ọ̀gá Délé wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ju ìkíni lọ. Wọ́n wá àga, wọ́n rọra jókòó. Wọ́n ní, "Ta ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ láti aago méjì?"

Ọ̀gá Délé yíjú sí mi, wọ́n ní kí ló dé. Ẹnu mi yára ju ọkàn mi lọ. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni, mo ní àwọn tó ń ta dátà fún aráàlú ló já wa kulẹ̀. Kò le fún wọn láti gbà, torí ta ni kì í bú nẹ́tíwọ̀kì ní Èkó? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kéde fún gbogbo òbí àti ọmọ pé ẹ̀bi wa kọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ẹ pè mí. Ẹ ní Múínátù ń sunkún. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó máa ṣe ìdánwò ìṣirò yìí, pé ó ti ra dátà sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, pé ó tiẹ̀ pe àwọn ọmọ ilé kejì jọ sí fàrándà kí wọ́n jọ wò ó, àmọ́ nǹkan róbótó kan tó ń yí po lójú fóònù ni gbogbo wọn jókòó wò títí ó fi sú wọn. Ẹ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Màmá, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ẹ bá mi bú wọn. Ẹ ní kí Ọlọ́run fún mi ní ìfaradà nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe tí ẹlòmíràn ń bà jẹ́. Mo ṣe àmín. N kò tíì ṣe àmín tó korò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí.

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi gba ọ̀nà tí mò ń gbà lọ sí Ìbà, mo ń ká ṣòkòtò sókè, mo ń fi bàtà sọ́wọ́. N kò lè jẹun jókòó. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́, màá ṣí ìwé tí mo kọ àbájáde ìdánwò sáfà sí, màá tì í, màá tún ṣí i. Mo rò ó pé kí n pa á rẹ́. N kò pa á rẹ́, n kò sì fi hàn ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń rìn káàkiri inú ọ́fíìsì bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.

Ọjọ́rú ni Tísà Olúkẹ́mi wọlé wá. Mo rò pé wọ́n wá bá wa jà ni. Wọ́n fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n yọ ìwé àti bíírò nínú báàgì, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń bi àwọn, àwọn kò sì fẹ́ máa sọ ohun tí kò yé àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá béèrè ìbéèrè kan péré: bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ló bàjẹ́, báwo ló ṣe bàjẹ́ ní Àgbádárìgì, ní Ọ̀tà àti ní Ìlaròó ní ìṣẹ́jú kan náà? Wọ́n gbé bíírò dúró sójú ìwé, wọ́n ń wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Bí ẹ ṣe máa ń wo ọmọ tó mọ ìdáhùn àmọ́ tí kò fẹ́ sọ ọ́ ni wọ́n ṣe wò mí. Mo bú sẹ́kún. Mo ṣí ìwé ìdánwò náà fún wọn.

Wọ́n kà á tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó dun àwọn pé àwọn kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n pé ó sàn kí èèyàn kọ́ ògiri ju kó purọ́ fún ọmọ lọ. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn máa bá mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, àmọ́ pé àwọn kò ní bá mi wọlé.

N kò ní ka gbogbo ohun tí Ọ̀gá Délé sọ fún yín. Èyí tó gún mi jù ni pé wọ́n ní sáfà tó wó lulẹ̀ kò bí àwọn nínú tó ìkéde tí mo jẹ́ kí àwọn fi orúkọ àwọn ṣe. Wọ́n dá àfikún owó oṣù mi dúró. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù yẹn fi kéré, Màmá. Mo sọ fún yín nígbà náà pé ọjà ló gbówó lórí. Irọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n kọ ìkéde mìíràn fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wa pé ilé-iṣẹ́ wa ló jẹ̀bi, wọn kò sì dárúkọ mi. Mo mọ̀ pé Múínátù kò rí i, torí inú ti bí i, ó ti yọ ẹ̀rọ wa kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí n tún ọ̀nà náà yà, kí kíláàsì tó kẹ́yìn ṣáájú ìdánwò má wó. Bó bá tún wó, kí n máa lọ sílé mi.

Owó ẹ̀rọ tuntun kò sí. Mo lọ sí Ọjà Àlàbá, mo wá Óbìnná, ọmọ Ìgbò kan tó ń tún sáfà àlòkù ṣe, tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó bi mí pé èrò mélòó ni ẹ̀rọ náà máa gbé. Mo ní n kò mọ̀, pé wọ́n lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sister, tí o ò bá mọ iye àlejò, kọ́ ilé tó o máa lè fi yàrá kún." Ó rò pé àwàdà lòun ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ya gbogbo iṣẹ́ náà.

Sáfà àlòkù tí Óbìnná tún ṣe ni a fi ṣe ẹ̀dà: a gbé ọ̀kan sí Ìbà níbí, ọ̀kan sí Àgbádárìgì, ọ̀kan sí Ọ̀tà, a sì ṣe é débi pé bí a bá fẹ́ fi ìkẹrin kún un lọ́la, a kò ní tú èyí tó wà nílẹ̀ ká. Mo kọ ètò kan tó ń darí fóònù kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹ̀dà tó sún mọ́ ọn jù. Mo ṣòfin pé bí fóònù igba bá ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹ̀dà kan, ẹ̀dà náà á rán ìránṣẹ́ kan ṣoṣo lọ mú un wá láti orísun, àwọn yòókù á dúró dè é. Fóònù tí wọ́n bá dá padà kò gbọ́dọ̀ padà wá lójú ẹsẹ̀ mọ́. Kálukú á sinmi níye ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀ kí ó tó tún kanlẹ̀kùn. A tún ṣe àwòrán náà ní ìwọ̀n mẹ́ta, ńlá, agbedeméjì àti kékeré, kí fóònù mú èyí tí agbára rẹ̀ bá ká.

Nígbà tí a dán an wò, mo fi kọ̀ǹpútà ṣe bí èrò, mo rọ́ wọn lu ẹ̀rọ náà. Ó dúró. Mo fò sókè. Óbìnná kò fò. Ó bi mí bóyá òun lè yọ wáyà ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà náà, kí n sì tó dá a lóhùn, ó ti yọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ dákú. Ètò ìdarí mi ṣì ń rán èèyàn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dà tó ti kú! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Ó ní ní Àlàbá àwọn kì í ta nǹkan tí àwọn kò tíì gbìyànjú láti bà jẹ́. Mo padà sídìí ìwé. Mo ṣe é kí ètò náà máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lemọ́lemọ́ pé ṣé o wà, kó sì darí èèyàn gba ibòmíràn bí kò bá gbọ́ ìdáhùn. Ó tún yọ wáyà. Ó falẹ̀ díẹ̀. Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni òun náà tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kíláàsì náà pé. Òjò ṣú láti àárọ̀. Èmi ni mo bẹ Múínátù pé kó fi ẹ̀rọ wa padà sórí fóònù rẹ̀, àmọ́ n kò sọ ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi bàjẹ́ fún un. Tísà Olúkẹ́mi ní kí wọ́n gbé fóònù kan síwájú àwọn, kí àwọn lè máa rí èsì àwọn ọmọ, pé àwọn kò tún ní kọ́ ògiri mọ́ láéláé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú, iná lọ ní Àgbádárìgì. Bátìrì tó yẹ kó gbé ẹ̀dà ibẹ̀ dúró kò gbé e. Èrò Àgbádárìgì dà wá sórí ti Ìbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lójú mi, bó ṣe gun òkè lọ́jọ́sí gan-an.

Mo pa àwòrán ńlá. Mo pa agbedeméjì. Kékeré nìkan ni mo jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀gá Délé dúró lẹ́yìn mi. Àwọn gan-an ló ti ṣèlérí fún àwọn òbí pé àwòrán máa mọ́ kedere. Wọ́n ní, "Rìsíkátù, kí ló dé tí ojú Tísà fi rí bàìbàì?" Mo ní, "Ọ̀gá, mo yọ̀ǹda ojú kí ohùn má bàa já ni." Wọ́n tẹ̀ síwájú wo ìlà náà. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Ìlà náà rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dúró.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Àgbádárìgì ti pàdánù ìṣẹ́jú díẹ̀, ní ìdí ìbéèrè tó le jù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí mo bá dákẹ́. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo rọra ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé e sójú Tísà. Wọ́n kà á, wọ́n mi orí, wọ́n sì sọ fún gbogbo ọmọ pé àwọn kan já ní ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká padà lọ mú wọn. Wọ́n tún ìbéèrè náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè pé ṣé ó yé yín, fóònù iwájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Múínátù pè mí. Ó ní ojú Tísà rí bí ẹni tó dúró sínú ọyẹ́, àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ló wọ òun létí, ó sì yé òun. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣeun o. Àwọn onínẹ́tíwọ̀kì yẹn ò rí yín mú lónìí!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi agbára rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ara mi pé ìdánwò ti sún mọ́, pé kí n má da ọkàn ọmọ rú. Ó ti ṣe ìdánwò náà tán báyìí, a ń retí èsì. N kò ní àwáwí kankan tó kù.

Ọ̀gá Délé ti ń sọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti Òṣogbo báyìí. Wọ́n dá àfikún mi padà. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tó gbé ìlú mẹ́ta lè máà gbé mẹ́wàá, mo sì ti ń yàwòrán èyí tó ń bọ̀ kí wọ́n tó bi mí. Tí wọ́n bá bi mí lónìí pé ṣé ó máa gbé e, màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ yọ wáyà wò ná.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé lẹ́tà yìí fún Múínátù kó fúnra rẹ̀ kà á. Bí èsì bá jáde tó sì yege, kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Agbára tirẹ̀ ni. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kó mọ̀ pé wákàtí kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ tí mo fi ìgbéraga mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá bínú, ẹ má ṣe bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó bínú tẹ́rùn. Bó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, kó pè mí, ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ sí mi, kó sọ ọ́. Màá gbọ́ ọ títí dé òpin, n kò sì ní sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń ṣe é.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ Bàbá á le sí i, Ìyá Àgbà á rí ọmọ ọmọ ọmọ wọn, ilé wa kò ní tú. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, ẹ sì kí àwọn ọmọ tó jókòó ní fàrándà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ẹ ní mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ọmọ yín,
Rìsíkátù,
Okokomaiko.